Dísíṣáàjì Tí Nọ́ọ̀sì Ń Wí

Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ni kò jẹ́ kí aránṣọ náà fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tí fóònù dún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó fi èjìká há a mọ́ etí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kúrò lórí ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù tí ọkọ rẹ̀ wà ló ń pè.

"Màdámù, dísíṣáàjì ti wà o. Dókítà ní kí ẹ tètè máa bọ̀."

"Dísíṣáàjì kẹ̀? Háà! Ẹ ṣeun o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì! Ẹ kò ní ṣe àṣedànù!"

Nọ́ọ̀sì ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí aránṣọ pa fóònù, tó sì bọ́ síta bí ẹni tí wọ́n fi ata sí lára.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Dísíṣáàjì kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ ládùúgbò wọn: kí dókítà wo aláìsàn sàn, kó ní kó máa lọ sílé. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Kì-í-jókòó ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun bá a lórí àga rí. Àfi ìgbà tí ìtí igi já lu ojúgun rẹ̀ níbi iṣẹ́, tí ẹni tí kì í jókòó wá di ẹni tí ń sùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí òun ń pè ní Àǹtí Àgbà, ni aránṣọ kọ́kọ́ pè. Ìyẹn kò dúró wẹ̀. Wọ́n fọ yàrá, wọ́n pààrọ̀ aṣọ ibùsùn.

"Ìyàwó wa," ni Àǹtí Àgbà ń wí bó ti ń nu fèrèsé, "ojú ti ọ̀tá!"

Aránṣọ mú ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ kan, ó tú ojú rírán ẹsẹ̀ òsì títí dé orúnkún kí báńdéèjì lè ráyè kọjá. Ó kó o sínú báàgì pẹ̀lú bàtà rẹ̀ méjèèjì. Ni àwọn méjèèjì bá gba ọ̀nà ọsibítù lọ.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọn kò rí nọ́ọ̀sì kankan. Kì-í-jókòó kọjú sí ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Ara rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n ìdùnnú kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ ka ìyẹn sí.

"Olówó orí mi, ẹ dìde! Ilé yá! Wọ́n ti dá yín sílẹ̀!"

Ó yíjú padà díẹ̀díẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló pè mí."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ọkùnrin náà. Ó fipá dìde jókòó. Ó gba ṣòkòtò, ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá dì mí mú. Bẹ́ẹ̀dì yìí ti fẹ́ẹ̀ jẹ ẹ̀yìn mi tán."

Aránṣọ ká aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀ òsì kó lè bá a wọ̀ ọ́. Òórùn kan lù ú nímú. Báńdéèjì ti rin gbingbin, omi pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ń ṣàn dé gìgísẹ̀.

Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì bá wọn. "Màdámù, kí lẹ ń ṣe fún un?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní dísíṣáàjì ti wà?"

"Yéè! Ọyún ni mò ń wí! Ọyún tó ń jáde lójú egbò, dísíṣáàjì la máa ń pe òun náà."

Àǹtí Àgbà ká ọwọ́ lérí. "Irú èdè wo nìyẹn? Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń pe ìwòsàn náà lẹ tún fi ń pe egbò tó ń jẹrà?"

"Ẹ má bínú, mà. Èmi kọ́ ni mo ṣẹ̀dá ẹ̀."

Dókítà dé, kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ìdọ̀tí inú egbò náà ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí wọn kò bá gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ̀mí ni yóò bá a lọ.

Kì-í-jókòó di ìbàdí ṣòkòtò mú gírígírí. "Ìyàwó mi ní ilé yá. Ilé ni mò ń lọ."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ni aránṣọ bá ní kí gbogbo wọn jọ̀wọ́ bọ́ síta. Ó jókòó tì í.

"Mo ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ ni. Ẹ dárí jì mí."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gé mi lẹ́sẹ̀ ni?"

"N kò fẹ́. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ di opó."

"Kì-í-jókòó elẹ́sẹ̀ kan. Kí ni wọ́n á wá máa pè mí?"

"Èmi á máa pè yín lọ́kọ mi."

Ọkùnrin náà sunkún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, aránṣọ kò rí omi lójú rẹ̀ rí. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ lára ṣòkòtò, ìyàwó rẹ̀ sì rọra bọ́ ọ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n gé e. Ibà lọ, oúnjẹ padà sẹ́nu. Ó ń bá aláìsàn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣàwàdà, ó ń kí nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n "hùn" nìkan ni ìyàwó rẹ̀ ń rí gbọ́.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń ṣọ̀fọ̀," ni Àǹtí Àgbà wí. "Kì í ṣe ìwọ ló ń bá jà." Aránṣọ kò gbà á gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń fọ ẹ̀yìn fún un nígbà tó dédé sọ̀rọ̀.

"Mo ti mọ̀ kí ẹ tó dé lọ́jọ́ yẹn. Mo ti ń gbóòórùn ẹsẹ̀ mi látàárọ̀, mo sì ti gba kádàrá. Àfi bí o ṣe wọlé, tó o ní ilé yá. Mo gbà ọ́ gbọ́ ju imú ara mi lọ."

Aránṣọ dáwọ́ fífọ̀ dúró. Omi ń kán láti ara kànrìnkàn sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Èjìká kò tíì mọ́," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Fọ̀ ọ́."

Ó rẹ kànrìnkàn sómi, ó sì ń fọ̀ ọ́ lọ.