Ìfófòó Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Màmá Mi

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo lá àlá yìí. Mo wà ní kíláàsì àtijọ́ tí mo ti ṣe tíṣà, àgbàdo ọtí sì ti hù lórí gbogbo bẹ́ńṣì. Màmá mi tí wọ́n ti kú tipẹ́ ń fi í pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, n kò rí irú rẹ̀ mu mọ́. Ìfófòó ọtí náà gbé wa dé òrùlé, a sì jókòó lé e bí ẹní.

“Màmá, ẹ bu díẹ̀ fún mi.”

“Tíṣà, ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó pọn ọtí ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.”

Wọ́n gbé igbá sẹ́nu, wọ́n ń mu ún, kò dín.

“Kò tíì kan tó. Ṣe sùúrù.”

Mo nawọ́ sí igbá, mo bá jí.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì ń pọn ọtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ jókòó tì wọ́n, kí ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n; èmi kò kọ́ ọ lọ́wọ́ màmá mi.