Ìlà Kan Tí Wọn Ò Mú Lọ

Délé, àlá àná ṣì ń bà mí lẹ́rù. Mo jókòó sídìí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń tẹ orin ìkórè tuntun tí mo kọ. Ọ̀gá mi tó kọ́ mi ní dùùrù, tí a ti sin tipẹ́, wọlé pẹ̀lú bàbá tó kọ́ Ọ̀gá fúnra wọn. Erùpẹ̀ kún èékánná wọn. Wọ́n ń ha nóòtì orin náà kúrò lórí bébà mi: “Tèmi nìyí. Tiyín nìyẹn, Bàbá.” Tiwọn ni lóòótọ́. Ó wá ku ìlà kan ṣoṣo.

Mo ní, “Èyí ńkọ́, sà?”

Ọ̀gá ní, “Ìyẹn ò kàn wá. Tìẹ ni.”

Mo jí, mo sáré wo bébà náà. Ìlà yẹn gan-an ni mo fi bírò fagi lé lánàá, torí pé kò jọ ti Ọ̀gá.