Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Òkété

Àbúrò ò lè jókòó. Láti àárọ̀ ló ti ń yí igbó kékeré yẹn po bí adìyẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó sọ bóyá ẹranko ṣì ń gbé ibẹ̀. Tó bá fọwọ́ sí "kò sí", katapílà á wó igbó náà lulẹ̀ lọ́sàn-án yìí. Ẹ sì wá wò ó o, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gan-an ló ń wa katapílà ọ̀hún.

"Oníwèé," ẹ̀gbọ́n pè é látorí àga katapílà, "ṣé ewé lò ń kà ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní sùúrù."

"Sùúrù tí mo gbé wá láàárọ̀, epo ẹ̀ ti tán."

Lánàá, ó fi ewé dí ihò òkété méje létí ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ nìyẹn: tí onílé bá jáde, á ti ewé dànù. Ilẹ̀ mọ́, ewé méjèèje wà bó ṣe fi wọ́n sí. Ó ti kọ "kò sí" sínú ìwé o, ọwọ́ ẹ̀ ló kọ̀ tí kò fọwọ́ sí i. Níbo ni wọ́n lè lọ? Gbogbo ilẹ̀ tó kù ti wà ní ìhòòhò, òkété tó bá débẹ̀ ti di oúnjẹ òwìwí.

"Wọ́n ti kó lọ," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ta ló máa gbé ẹ̀gbẹ́ ariwo mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un láyà. Ihò méjèèje, katapílà tó ti ń pariwo níbẹ̀ látàná ni wọ́n kọjú sí. Tí wọ́n bá ń lu irin lẹ́nu ọ̀nà rẹ, ṣé iwájú lo máa gbà jáde?

Ó já sẹ́yìn igbó, níbi tí kò yẹ̀ wò lánàá torí ẹ̀gún. Ẹ̀gún fa aṣọ ẹ̀ ya. Ó rí ihò tuntun mẹ́rin, erùpẹ̀ tútù lẹ́nu wọn, èèpo èkùrọ́ káàkiri. Àṣé wọn ò kó kúrò nílé. Ilẹ̀kùn ni wọ́n yí padà.

Ló bá gbọ́ tí katapílà bú ramúramù. Ó sáré jáde, ó dúró síwájú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n pa ẹ́ńjìnnì.

"Wọ́n wà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà."

"Kí ni kí n wá wí fún ọ̀gá?"

"Ẹ ní onílé ò tíì kó jáde."

Ẹ̀gbọ́n wo aṣọ yíya yẹn, ó pòṣé, ó tún tan katapílà, ó yí i kọjú sí ọ̀nà.

Àbúrò fagi lé "kò sí", ó kọ "wọ́n wà", ó fọwọ́ sí i. Síbẹ̀ kò jókòó. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀gá á tún ní kó wá wo igbó náà.