Ọkọ̀ Bàbá Mi Kọ̀, Kò Jí

Mo lá àlá kan lóru àná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Lójú àlá, ọ̀sán gangan ni. Ìyá mi ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, torí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn n'Ìbàdàn. Dókítà ti ní tá ò bá tètè dé kí oòrùn tó wọ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ojú wọn ọ̀hún ò sì lè dúró de ọdún tó ń bọ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ní "kẹ̀ẹ̀," ó dákẹ́. Ọkọ̀ bàbá mi ni o, ó ti pẹ́ láyé.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bátìrì jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Mo ní, "Bátìrì, ṣé ìwọ lo kú ni?"

Ó ní, "Èmi kọ́ o! Wo orí mi, ó mọ́ tónítóní, wáyà mi sì dì dáadáa. Lọ bi púlọ́ọ̀gì."

Òótọ́ ló sọ. Mo tú púlọ́ọ̀gì, èéfín ti bo gbogbo ẹnu ẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi fọ̀ ọ́. Ó bú mi pé mi ò fi ọṣẹ sí i. Mo fi sí i, ìyẹn náà kì í ṣe ìjà. Síbẹ̀, ọkọ̀ ò dáhùn.

Ibẹ̀ la wà tí ọ́fíìsì àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò fi léfòó kọjá lókè orí wa. Ọ̀gá ibẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó bẹ́ sílẹ̀, ó kó sábẹ́ ọkọ̀. Ìgbà tó máa fi jáde, ó ti di òbúkọ, fìlà iṣẹ́ ẹ̀ ṣì wà lórí, ó sì ń jẹ wáyà.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, wáyà sítátà lẹ ń jẹ yẹn."

Ó ní, "Mo ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Kò sóhun tó ṣe wáyà yìí. Iyọ̀ ẹ̀ ló kàn kù díẹ̀ káàtó."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n oòrùn ti ń sáré wọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ̀rù wá bà mí gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọkọ̀ nídìí: "Jí jàre! Ṣé o fẹ́ kí ìyá mi fọ́jú ni?"

Ìyá mi ní, "Ọlágòkè, ṣé o ti kí i lónìí?"

"Kí ta ni, Màámi?"

"Ọkọ̀ ńkọ́! Kí n tó bí ẹ ló ti wà nílé wa. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Ìyàwó ẹ ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Ìwọ dé, o ò kí i, o la àyà ẹ̀ sílẹ̀, o ń tú u léyín!"

Òbúkọ mi orí. Ó ní, "Ọmọ òde òní!"

Mo rò ó, mo rí i pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ojú tì mí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ọkọ̀.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ káàsán. Ẹ má bínú sí mi. Tí ẹ bá tiẹ̀ ń bínú, Màámi kọ́ ló ṣẹ̀ yín."

Ọkọ̀ húkọ́, ó tu èéfín dúdú. Ó ní, "O káàsán, àbúrò. Ṣé dáadáa lo sùn?" Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Mo fẹ́ dìde, ilẹ̀ tutù lábẹ́ àyà mi. Mo lajú. Áà! Mo ti já bọ́ látorí bẹ́ẹ̀dì, mo nà gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá. Ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti wọṣọ Ìbàdàn, wọ́n ń fọwọ́ wá ògiri.

Wọ́n ní, "Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, Màámi. Ẹ káàárọ̀."

"Òjìji lásán ni mo rí, ọmọ mi. Dìde, lọ jí ọkọ̀. Tá a bá ti Ìbàdàn dé, kí o wá tún dọ̀bálẹ̀, kí n fojú mi rí i."