Orúnkún Ìyá Ìyàwó

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Hàjàrá, aya Làmídì àgbẹ̀ kòkó ní abúlé kan lẹ́bàá Akanran, mọ irọ́ pa, ẹ má gbà á gbọ́. Ìyẹn ò lè purọ́ fún adìẹ. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1962, nígbà tí Sàníù, télọ̀ ará Olódò, ní òun fẹ́ fẹ́ Mùjíbátù ọmọ rẹ̀, ó di dandan kó gbìyànjú.

Ọ̀rọ̀ orúnkún ni. Orúnkún ìyá Hàjàrá wú kó tó kú, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wú, tirẹ̀ náà sì ti ń wú láti bí ọdún mẹ́ta. Á gbóná, á sì le láàárọ̀ bí ilẹ̀kùn tí òjò pa. Ọláwálé tí ń fún wọn lóògùn ní dìsípẹ́ńsárì sọ pé làkúrègbé yìí a máa rìn nínú ìdílé. Ó sọ púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni etí Hàjàrá ti dí. Ẹ sì mọ̀ pé ará ilé ọkọ a máa wádìí ìdílé ọmọ kí wọ́n tó gbé ìdána wá. Mùjíbátù fẹ́ràn Sàníù débi pé ó ń gbàgbé oúnjẹ. Bí orúnkún bá ba èyí jẹ́, Hàjàrá ò ní dárí ji ara rẹ̀ láéláé.

Lọ́jọ́ tí Ìyá Sàníù ń bọ̀ wá ṣe ìwádìí, Hàjàrá tètè jókòó sórí àga, ó pinnu pé òun ò ní dìde títí àlejò á fi lọ. Ìkúnlẹ̀ ló gbàgbé. Ìyá Sàníù fi bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ta ni yóò jókòó sórí àga kí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Bó ṣe wọlé ni Hàjàrá kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá tọrọ ọmọ kì í nàró kí ìyá ọmọ, ni Ìyá Sàníù náà bá kúnlẹ̀.

Wọ́n kí ara wọn kú ilé, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè oko. Kíkí tán, kò sẹ́ni tó dìde. Wọ́n tún béèrè àlàáfíà ewúrẹ́. Òógùn bo Hàjàrá.

“Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá, ẹ máa dìde,” ó wí níkẹyìn. “Èmi ò lè dìde ni. Orúnkún ìdílé wa ni, mo sì fẹ́ fi pa mọ́ fún yín.”

Ìyá Sàníù wò ó. “Ta ló sọ fún yín pé èmi lè dìde?”

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì títí omi fi dé ojú wọn. Ìyá Sàníù ní bẹ́ẹ̀ ni ti ìyá òun, bẹ́ẹ̀ ni ti àbúrò òun méjì, ẹ̀rù ìwádìí sì ti ń ba òun náà. Ṣùgbọ́n dókítà Ìbàdàn ti là á yé òun pé ìdílé ń dá sí i lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń mú. Ẹrù orí, sísanra jù, ọgbẹ́ àtijọ́, àti wíwú tí a fi sílẹ̀ láìtọ́jú wà lára ohun tí ń dá kún un.

“Àwọn ọmọ tí wọn ó bí ńkọ́?” Hàjàrá béèrè.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bí wọn ná.”

Wọ́n pe Mùjíbátù àti Sàníù, tó sin ìyá rẹ̀ wá, wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Sàníù gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ tagbára-tagbára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Mùjíbátù ní tirẹ̀ kò fa Ìyá Sàníù rárá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èjìká sábẹ́ apá rẹ̀, ó dúró kí ẹsẹ̀ kan kọ́kọ́ tẹlẹ̀, ó wá rọra gbé e sókè, bó ti ń gbé ìyá rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀.

Ìyá Sàníù nàró láìsí ìrora. Kò fi ọwọ́ ọmọbìnrin náà sílẹ̀.

“Ìwádìí ti parí,” ó wí. “Ẹ dá ọjọ́ ìdána fún wa.”