Ọwọ́ Méjì Lórí Iwájú Orí Kan

Kí oòrùn tó yọ tán ni Àbíkẹ́ ti ń din dòdò níwájú ilé ọkọ rẹ̀ n'Íkirè. Ọdún 1988 ni, ọyẹ́ sì mú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n débi pé ó ń ṣomi ni yóò gún mọ́ ata àti iyọ̀, yóò mọ ọ́n roboto, yóò jù ú sínú epo pupa tó ń hó, yóò sì dúró tì í títí yóò fi dúdú. Iṣẹ́ tó ń fẹ́ ìdúró ni. Bí èèyàn bá kúrò nídìí rẹ̀, ó ti jóná. Obìnrin kan tó ń tà á fáwọn èrò ọkọ̀ ní Wásinmi ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Inú ilé ni ìyá ọkọ rẹ̀, Àṣíáwù, ti lọgun.

“Ìyá Sàfú! Wá o! Ara ọmọ yìí ń gbóná!”

Àbíkẹ́ sáré wọlé. Sàfúrátù, ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹyọ kan ṣoṣo tó bí, dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kò sunkún, kò sì rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ aṣọ tán nídìí kànga ni, omi ṣì ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Àbíkẹ́ gbé ọwọ́ lé iwájú orí ọmọ náà.

“Ìyá, kò gbóná o. Ó tiẹ̀ tutù.”

“Ó tutù?” Ìyá àgbà tún fọwọ́ kàn án. “Ọmọ tó ń jó bí ẹ̀yinná lo ní ó tutù? Àbí nítorí obìnrin tó jókòó síta yẹn ni?”

Ọ̀rọ̀ náà dun Àbíkẹ́, àmọ́ kò yà á lẹ́nu. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń ṣọ́ ara wọn. Ìdílé Aládùúrà l'Ápòmù ni Àbíkẹ́ ti wá, Mùsùlùmí pọ́ńbélé sì ni ilé ọkọ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ìyá àgbà rí ìgò omi àdúrà lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ, ó dà á nù láì wí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀, Àbíkẹ́ rí tírà tí wọ́n so mọ́ ìdí Sàfú, ó tú u, òun náà ò sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, bí ọ̀kan bá fún ọmọ lóúnjẹ, èkejì á yọjú wo inú abọ́.

Àbíkẹ́ padà sídìí agbada. Bó ṣe ń yí dòdò lójú iná ló ń rò ó. Kí ló dé tí ìyá yìí fi ń pariwo lórí ọmọ tí ara rẹ̀ tutù? Ó ti ń wí láti ìgbà Iléyá pé kí wọ́n jẹ́ kí òun mú Sàfú lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun ní Ìkirè-Ilé. Bóyá ohun tó ń wá náà nìyẹn, kó lè ríhun sọ fún gbogbo ẹbí pé ìyàwó yìí kò mọ ọmọ tọ́jú.

Ìyá àgbà náà ń ro tirẹ̀. Ó gbé àgbo kaná, ó fún ọmọ náà mu, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá bí ẹni tó ń ṣọ́ oko.

Lọ́sàn-án, Ràímì, ọkọ Àbíkẹ́, dé. Bíríkìlà ni, sìmẹ́ńtì ló tán níbi iṣẹ́ tí wọ́n fi tú ká. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Àbíkẹ́ ti pa iná, ó ti gbé apẹ̀rẹ̀ fún obìnrin Wásinmi, ó sì ń fi omi kànga ṣan ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ọjọ́ kejì. Ó nu ọwọ́, ó wọlé tẹ̀lé ọkọ rẹ̀. Ìyá àgbà náà ń bọ̀ láti ìdí ààrò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná mú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lórí ẹní ọmọ.

Àbíkẹ́ fọwọ́ kan Sàfú, ó sì fà á padà bí ẹni tí iná ta.

“Ó ń gbóná! Bàbá Sàfú, ẹ fọwọ́ kàn án!”

Ìyá àgbà gbé abọ́ kalẹ̀, ó fọwọ́ tirẹ̀ kan ọmọ náà, ó mi orí. “Irọ́ ni. Ara rẹ̀ ti wálẹ̀. Àgbo mi ti ṣiṣẹ́.”

“Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní ó ń gbóná láàárọ̀!”

“Ìwọ lo ní ó tutù!”

Ràímì wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. Òun náà fọwọ́ kan ọmọ náà, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ tí sìmẹ́ńtì ti ń jẹ fún ọdún mẹ́wàá kò mọ gbígbóná, kò mọ tútù. Ó dá a lójú pé ọ̀kan nínú àwọn obìnrin méjèèjì ń tan òun. Kò lè sọ bẹ́ẹ̀ lójú ìyá rẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká wò ó dìrọ̀lẹ́,” ló wí, ó bọ́ síta.

Nǹkan bí aago mẹ́rin, ayálégbé wọn dé láti Àpòmù. Olúkẹ́mi lorúkọ rẹ̀, omidan tó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní sáyẹ́ǹsì. Tíṣà ni gbogbo ilé ń pè é. Àbíkẹ́ lọ pàdé rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Tíṣà, ìyá fún ọmọ mi ní àgbo kan. Mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọmọ ń gbóná, wọ́n ní kò gbóná.”

Kí Olúkẹ́mi tó bọ́ bàtà, ìyá àgbà náà ti fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Tíṣà, bá mi bi ìyàwó yìí. Láàárọ̀ ó ní ọmọ tutù, lọ́sàn-án ó ní ó gbóná. Kí ló fún un jẹ láàárín méjì?”

Olúkẹ́mi bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ohun tó ń fọwọ́ ṣe kó tó kan ọmọ náà. Inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí i pé ó ń bi òun bí olè. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó mú tẹmómítà ibà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fún un jáde, ó gbọ̀n ọ́n dáadáa, ó sì fi há ọmọ lábíyá.

“Kí ló ń dán nínú ìgò yẹn?” ni ìyá àgbà bi í.

“Mẹ́kúrì ni, Màmá. Bí ooru bá wọ̀ ọ́ lára, á fẹ̀, kò sì ríbi gbà àfi kó gun òkè. Ibi tó bá gùn dé la ó kà.”

“Ta ni yóò kà á?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.”

Olúkẹ́mi di apá ọmọ náà mú kí tẹmómítà má baà yọ́. Nígbà tó yá, ó yọ tẹmómítà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. “Mọ́kàndínlógójì àti ààbọ̀. Mẹ́tàdínlógójì ló yẹ kó wà, tàbí kó dín díẹ̀. Ibà ńlá ni. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́sibítù báyìí.”

Ràímì gbọ́ ọ níta, ó ti sáré lọ wá mọ́tò. Ìyá àgbà bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì.

“Ọmọ yìí ò jáde. Mo fọwọ́ ara mi kàn án, ó ti wálẹ̀. Ìgò lásán lẹ ó fi gbé e lọ bá àwọn aládùúrà l'Ápòmù.”

Àbíkẹ́ ti pọn Sàfú. Àbíkẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń sunkún. Olúkẹ́mi kò bá ìyá àgbà jiyàn. Ó yára bu omi sínú abọ́ mẹ́ta. Ó bu omi kànga sínú ọ̀kan. Ó bu omi tó wà lórí iná sínú èkejì, ó sì bomi tútù là á títí ọwọ́ fi lè gbà á. Ó da méjèèjì pọ̀ sínú ẹ̀kẹta.

“Màmá, ẹ ki ọwọ́ bọ gbígbóná yìí. Ìyá Sàfú, ẹ ki tiyín bọ omi kànga.”

“Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ kì í bọ̀ ọ́,” ni ìyá àgbà wí.

Olúkẹ́mi ki ọwọ́ bọ gbogbo rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìgbà náà ni ìyá àgbà tó gbà. Olúkẹ́mi ka ení dé ọgọ́ta, ó ní kí àwọn méjèèjì bọ ọwọ́ sínú abọ́ àárín lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ó tutù,” ni ìyá àgbà wí.

“Ó gbóná,” ni Àbíkẹ́ wí.

Wọ́n wo ara wọn. Abọ́ kan náà, omi kan náà, ìka wọn sì ń kan ara wọn nínú rẹ̀. Ìyá àgbà fura sí i síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n pààrọ̀: kí òun bọ ti kànga, kí Àbíkẹ́ bọ gbígbóná. Wọ́n pààrọ̀. Nígbà tí wọ́n tún pàdé nínú abọ́ àárín, ẹnu ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló fi sọ pé ó gbóná.

“Màmá, ọwọ́ wa kì í ka ìwọ̀n,” ni Olúkẹ́mi wí. “Bí ohun tó kàn bá gbóná jù ú lọ, ooru á máa wọ̀ ọ́ lára, á ní ó gbóná. Bí ọwọ́ ló bá gbóná jù, ooru á máa jáde lára rẹ̀, á ní ó tutù. Láàárọ̀, ìdí iná ni ìyá Sàfú ti wá, ẹ̀yin ti ìdí kànga wá. Lọ́sàn-án, ẹ̀yin lẹ gbé ẹ̀kọ gbígbóná, òun ló ń fi omi kànga ṣan ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú yín. Ṣùgbọ́n tẹmómítà ò tibì kankan wá. Abíyá ọmọ nìkan ló kàn.”

Fèrè mọ́tò dún níta. Ìyá àgbà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó fa ìborùn rẹ̀ bọrùn. “Èmi náà ń lọ. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ibi tí ẹ ń gbé e lọ.”

Ọ́sibítù ni wọ́n gbé e lọ lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì fi tẹmómítà tirẹ̀ wo ọmọ náà. Ìyá àgbà ní kó sọ iye rẹ̀ sókè. Ó kù díẹ̀ kó pé ogójì. Wọ́n fún Sàfú ní abẹ́rẹ́, wọ́n bi wọ́n ní ohun tó ti mu láti àárọ̀. “Ewé dóńgóyárò àti ewé ọsàn wẹ́wẹ́,” ni ìyá àgbà wí. Àbíkẹ́ yíjú sí i. Ohun tí ìyá tirẹ̀ l'Ápòmù máa ń sè fún wọn nígbà ibà náà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì bọ́ aṣọ ọmọ, ó gbé omi àti táwẹ́ẹ̀lì wá. Ìyá àgbà fò dìde.

“Omi? Lára ọmọ tó níbà? Ṣé ẹ fẹ́ kí gìrì mú un ni?”

“Ibà tó ga báyìí gan-an ló ń fa gìrì, Màmá. Omi yìí ò tutù, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Bó bá ṣe ń gbẹ lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ooru lọ.” Nọ́ọ̀sì na táwẹ́ẹ̀lì sí i. “Ẹ gbà, ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é.”

Ìyá àgbà ń nu àyà ọmọ, Àbíkẹ́ ń nu ẹsẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, tẹmómítà ti sọ̀kalẹ̀ sí méjìdínlógójì ó lé díẹ̀, Sàfú sì béèrè omi mímu.

Àbíkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ìyá,” ó wí, “ọwọ́ mi ò purọ́ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ mi ní ó tutù, inú mi dùn. Obìnrin Wásinmi ń dúró dè mí. Mi ò padà wá fọwọ́ kàn án mọ́.”

Ìyá àgbà fún táwẹ́ẹ̀lì náà títí omi fi tán lára rẹ̀. “Nígbà tó o ní ó tutù, inú èmi náà dùn. Mo ní ọwọ́ mi ti tẹ̀ ọ́.”

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n dá wọn sílẹ̀.

Ràímì ra tẹmómítà kan fún ilé. Nígbà tó béèrè pé ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, ìyá rẹ̀ wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wo ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Tíṣà ni wọ́n gbé e sí. Bí ara ọmọ bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ báyìí, àwọn méjèèjì á jọ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sí èyí tí yóò dá lọ.

Lọ́dún 1990 ni wọ́n gbé Olúkẹ́mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìkòyí. Lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù, ó fa tẹmómítà náà lé Àbíkẹ́ lọ́wọ́ lójú ìyá àgbà. Ìyá àgbà ní kó gbé e sórí pẹpẹ, níbi tí ọwọ́ Sàfú ò ti ní tó o.