Ẹnu Ìbọn Raymond

Ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn ni Màríà kọ́kọ́ rò pé òun ń wò. Lójú fóònù tí Jíbrílù gbé ka orí tábìlì, ihò inú ìbọn ọkọ rẹ̀ fẹ̀ gbàgàdà, ó ń dán, àwọn ilà ara rẹ̀, tí ń mú kí ọta lọ tààrà, sì ń lọ́ wọ inú òkùnkùn. Jíbrílù, ẹni tí ń tún ìbọn ṣe ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ti ka ìwé àṣẹ ìbọn náà lẹ́ẹ̀mejì. Nísinsìnyí, ó ń fi sùúrù ti okùn tín-ín-rín tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀ wọlé.

"Ẹ wo ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, Màmá. Bí ẹni pé àná ni wọ́n rọ ọ́. Ọkọ yín kò yin ìbọn yìí púpọ̀."

"Ìdíje ìbọn yíyìn mẹ́ta péré ni ó gbé e lọ kí ó tó rìnrìn àjò."

Ọdún méjìlélógún rèé tí Raymond ti wà ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Brazil. Nígbà Àjíǹde tó kọjá ni ó sọ lórí fóònù pé, bí ọta ìbọn òun bá ṣì ń lọ tààrà, òun yóò wálé fún ìdíje àwọn àgbà ní Oṣù Kejìlá. "Ya àwòrán inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi," ni ó wí. Láti ọjọ́ náà ni Màríà ti ń ka oṣù.

Jíbrílù fa okùn náà padà sí ẹnu ìbọn. Níhìn-ín, àwọn ilà náà ti parẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí ojú àtẹ̀gùn ilé àtijọ́ kan ní Pópó Àgùdà tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ di pẹlẹbẹ.

"Ọta kọ́ ló jẹ èyí. Ọ̀pá irin ni. Ta ní ń nu ún?"

"Ẹnìkan nílé ni."

"Ẹnìkan náà mà lágbára o! Ẹ̀yin Àgùdà, bí nǹkan ò bá dán bíi dígí, ẹ ò ní sinmi."

Màríà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. Gbogbo Sátidé, ní agogo mẹ́rin, ni ó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí yóò fi aṣọ wé orí ọ̀pá irin, tí yóò sì máa tì í bọ ẹnu ìbọn, nítorí Raymond ti kìlọ̀ pé kí ó má jẹ́ kí ó dípẹtà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni Raymond wí. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ṣùgbọ́n ní agogo mẹ́rin yẹn, òórùn epo ìbọn a máa kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì ń jókòó síbẹ̀.

"Èmi ni, Àlàájì," ni ó wí níkẹyìn. "Èmi ni mò ń nu ún."

Jíbrílù fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Yóò ṣì yìn, àmọ́ ọta rẹ̀ kò ní lọ síbi tí wọ́n bá rán an." Ó gbé fóònù náà. "Ẹ jẹ́ kí n ya ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún fún ọkọ yín. Òun náà kì í kúkú ṣe irọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ dé ná."

Màríà tẹjú mọ́ àwọn ilà ìsàlẹ̀ náà pẹ́. Gbogbo rẹ̀ wà bí Raymond ti fi í sílẹ̀, bí ẹni pé òun Màríà kò sí nílé láti ọdún méjìlélógún.

"Rárá. Ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ yà."

"Ibi tó jẹ yìí? Màmá, wọn ò wá mọ́ nìyẹn o."

"Ẹ yà á, kí ó hàn dáadáa."

Nígbà tí agogo mẹ́rin lù ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀; ó ti fi àwòrán náà ránṣẹ́. Ìbọn wà nínú àpótí; fóònù dákẹ́ lórí itan rẹ̀. Ó nawọ́ sí aṣọ tí ó fi ń nu ìbọn, ó sì fa ọwọ́ náà padà. Ó ń ronú nípa Raymond, tí yóò ṣí àwòrán náà ní Bàhíà, tí yóò sì rí gbogbo Sátidé tí òun ti fi retí rẹ̀.